Ẹsáǹsì Tí Mi Ò Jí

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ní Kútọ̀nù ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú jù. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi tó jẹ́ pé tí èèyàn bá ti gun òkè kan dé orí, ṣe ni yóò pa ẹ́ńjìnnì, tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí bọ̀ nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ epo kankan. Ọ̀gá tó kọ́ mi máa ń sọ pé òkè Abẹ́òkúta ló bá òun tọ́ àwọn ọmọ òun. Kútọ̀nù ò ní òkè. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, iyanrìn ló wà láàárín, kò sì sí ibì kankan tí ọkọ̀ ti lè sinmi nínú rẹ̀.

Mi ò ní fi bí mo ṣe débẹ̀ dá yín dúró. Ayé ìjọba Faransé ni, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Dàhòmì. Ọkùnrin tó ni lọ́rì tí mò ń wà nílé ló tà á lójijì, ó wá di pé mò ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìyá mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí mò ń wo lọ́rì ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ara mi kì í gba irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi á máa tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ló sọ fún mi níkẹyìn pé kí n máa lọ, pé òun ò lè máa wo ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Ọmọbìnrin wa ò tíì pé ọdún kan nígbà náà. Mo ní tí mo bá ti rí yàrá tó dáa, màá ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ọmọ Àgùdà kan ló gbà mí síṣẹ́, ọ̀kan lára àwọn tí bàbá wọn àgbà ti ilẹ̀ Bràsíìlì padà wá. Músíè Inásíò là ń pè é. Ó ń sọ Faransé fún àwọn òyìnbó, ó ń sọ Gùn fún àwọn oníbàárà, ó sì ń sọ Yorùbá fún àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti fún ajá rẹ̀. Kámíónẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló ní, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a fi ń gbé ìyẹ̀fun, ṣúgà àti karosíìnì tí wọ́n já láti inú ọkọ̀ òkun lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Akpakpa, ní Fidjrossè, títí dé Ekpè. Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Iṣẹ́ ló ni yàrá náà o. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Músíè jókòó tì mí nínú ọkọ̀ láti wo bí mo ṣe mọ̀ ọ́n wà tó. Apá òsì ni sítíárìn wà. Nílé, apá ọ̀tún ni tiwa máa ń wà, ọwọ́ òsì títì la sì ń gbà. Ọwọ́ òsì mi ń wá jíà, ilẹ̀kùn ló ń bá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo na ilẹ̀kùn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ká tó dé ẹnu géètì. Nígbà tí a bọ́ sójú títì, mo yà sọ́wọ́ òsì láìronú, oníkẹ̀kẹ́ méjì àti obìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja sì sáré wọ inú iyanrìn. Músíè ò pariwo. Ó ṣe àmì àgbélébùú sí àyà rẹ̀, ó ní kí n gba ọwọ́ kejì, ká máa lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n sọ èyí kí n tó sọ ìyókù.

Ohun tí àwa ń pè ní pẹtiróòlù, ẹsáǹsì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, òun sì ni àníyàn Músíè. Láràárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń rọ ọ́ sínú táǹkì wa láti inú bídọ̀ọ́nù, ìwọ̀n kan náà fún ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ọ̀bẹ fá ní ìlà-ìlà. Tí a bá dé nírọ̀lẹ́, á ki igi náà bọ inú táǹkì, á fà á yọ, á wo ìlà tó tutù dé, á sì gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ti kan. Ó ní owó táyà òun mọ̀ ọ́n, owó òróró ẹ́ńjìnnì òun mọ̀ ọ́n, ti ẹsáǹsì nìkan ni òun ò rí ìdí rẹ̀. Kò sì purọ́. Àwọn awakọ̀ kan wà nílùú tí wọ́n ń fi rọ́bà fa ẹsáǹsì ọ̀gá wọn sínú ìgò, tí wọ́n á sì tà á lábẹ́ igi àgbọn lójú ọ̀nà Akpakpa. Gbogbo ayé mọ̀ wọ́n.

Èmi kì í ṣe ọ̀kan lára wọn. Ṣùgbọ́n igi Músíè máa ń gbẹ tó bá ti kan ọkọ̀ mi.

Séídù ló ń wa kámíónẹ́ẹ̀tì kejì. Ará Ṣábẹ̀ ni, ó jù mí lọ dáadáa, Mùsùlùmí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Táǹkì tiẹ̀ máa ń ṣẹ́kù dé ìlà kẹta, ìgbà mìíràn dé ìlà kẹrin. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti sọ fún mi pé kí n máa yọ afẹ́fẹ́ táyà mi díẹ̀ kí n tó wọ iyanrìn. Mo wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Abẹ́òkúta máa ń fi ìka kan gbogbo táyà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tí táyà rẹ̀ bá sì dẹ̀, etí olúwa rẹ̀ á ró gboo. Ó ní táyà tó dẹ̀ ni olè tó ń jẹ epo. Lórí ilẹ̀ pupa tiwa, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Mo wá yọ ìwé ìwakọ̀ mi han Séídù, pẹ̀lú òǹtẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lódìlódì, ó dá a padà fún mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí: tó bá dé ibi tí ọ̀nà ti di iyanrìn, á bọ́ sílẹ̀, á jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mí jáde fún ìgbà díẹ̀, á wá wọlé. Tó bá padà sórí ilẹ̀ líle, á tún bọ́ sílẹ̀, á mú póòmpù ọwọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá afẹ́fẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Tí mo bá ń kọjá lára rẹ̀, mo máa ń fun fèrè, mo sì máa ń juwọ́ sí i. Mo ti pa ara mi lẹ́rìn-ín púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Séídù àti póòmpù rẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ibi tí wọ́n bá ti ń sọ Yorùbá, ilé náà ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ Yorùbá ní Kútọ̀nù: àwọn ará Kétu ń sọ tiwọn, àwọn ará Ṣábẹ̀ ń sọ tiwọn, àwọn Àgùdà ń sọ tiwọn tó kún fún Faransé. Tí èmi bá la ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé orin ni mò ń kọ. Àwọn ọmọ Fọ̀n ń pè mí ní Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá. Nílé, Ẹ̀gbá ni mí, mi ò jẹ́ orúkọ mìíràn rí. Àwọn Àgùdà ń pè mí ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, èyí ló sì dùn mí jù, torí tí wọ́n bá ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ojú rẹ̀ ti là jù, kí wọ́n máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rọrùn láti jẹ́ àlejò láàárín àwọn tí èèyàn ò gbọ́ èdè wọn. Láàárín àwọn tó gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ, tí wọn ò sì gbà mí gbọ́, ó nira fún mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹ má rò pé ẹkún nìkan ni mo sun. Ọjọ́ kan wà tí ọlọ́pàá dá mi dúró lórí afárá ọ̀sà, tó béèrè ìwé ọkọ̀ lédè Faransé, tí mo dá a lóhùn pé "Wí, ṣẹ́ẹ̀fù," bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, tí mo sì na ìwé tó béèrè gan-an sí i. Ó ní kí n máa lọ. Mo kọrin títí dé Ekpè. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Fóònù wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ì bá gbé e ní ilé ìyá mi, ewúrẹ́? Àwọn obìnrin aláṣọ tó ń ná ọjà láàárín Abẹ́òkúta àti Kútọ̀nù ni fóònù tèmi. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé ni mò ń lọ bá wọn níbi tí wọ́n ń já ẹrù sí ní Akpakpa, màá sọ ọ̀rọ̀ mi fún àgbà tó wà láàárín wọn, á tún un sọ fún mi kó lè dá mi lójú pé kò gbàgbé. Mo máa ń ní kó sọ pé ara mi le, pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Nígbà tó bá padà, á fi ohùn Àbẹ̀kẹ́ gan-an jíṣẹ́ tirẹ̀, á na ọrùn, á ká ọwọ́ sí ìbàdí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Tí mo bá padà dé yàrá, mi ò lè jókòó. Màá jáde, màá rìn dé etí òkun, màá padà, màá tún jáde.

Ọjọ́rú kan ni àgbà aláṣọ yìí ké sí mi kí n tó pa ọkọ̀ tán. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ti gbọ́ pé mo ní yàrá. Ó ní kò béèrè lọ́wọ́ mi, ó kàn ní kí wọ́n sọ fún mi. Àwọn kan lára wọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa bá wá, òun àti ọmọ, wọ́n á sì dé lọ́jọ́ Sátidé.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́. Mo wọ ọkọ̀, mo kọjú sí Ekpè pẹ̀lú ẹrù ìyẹ̀fun, mò ń ronú ibi tí a máa gbé ẹní ọmọ sí. Mo já ẹrù tán. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Táǹkì ti gbẹ. Séídù ló fi okùn fà mí wọ ọgbà Músíè nírọ̀lẹ́, níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́.

Músíè ò tilẹ̀ mú igi rẹ̀ jáde. Ó pè mí sínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó béèrè ẹni tí mò ń tà á fún. Mo ní mi ò tà á fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọkọ̀ mẹ́ta, ìwọ̀n kan náà, ọ̀nà kan náà, ọkọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ. Mo ní kó fún mi ní Bíbélì kí n fi búra. Ó ní kí n fi Bíbélì sílẹ̀.

"Mi ò ní pe ọlọ́pàá sí ọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí igi mi bá tún gbẹ lọ́jọ́ Sátidé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ yàrá, orí tábìlì yìí ni kí o kó wọn sí."

Ọjọ́ Sátidé. Mo jáde síta. Àbẹ̀kẹ́ á gbé ọmọ dé láti Abẹ́òkúta, á bá mi níta lórí ẹrù, pẹ̀lú orúkọ olè. Ìbànújẹ́ yẹn ò jọ èyí tí mo mọ̀ rí, ìbínú wà nínú rẹ̀, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, gbogbo ọgbọ́n tí mo kọ́ nílé ni mo lò. Mo yọ táyà ìrọ́pò àti àpótí irinṣẹ́ kúrò kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Níbikíbi tí mo bá dúró já ẹrù, mò ń pa ẹ́ńjìnnì, mo sì ń fi irin yí i kó tó tún ṣiṣẹ́, títí tí apá mi fi wú. Ní ti táyà, mo rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, mo gbá afẹ́fẹ́ kún un sí i títí ó fi le bí òkúta. Igi gbẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kó ṣúgà lọ sí Fidjrossè, níbi tí àwọn apẹja ń gbé létí òkun. Iyanrìn ibẹ̀ funfun, ó sì rọ̀. Mo wọ̀ ọ́ pẹ̀lú táyà líle mi, ó gbé mi mì dé ìdajì táyà. Mo tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ń yí lójú kan náà, ó ń gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn apẹja dúró tì mí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lédè wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe ihò náà fún ara wọn. Òórùn ẹsáǹsì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ibẹ̀, lórí eékún mi, tí mò ń fi ọwọ́ wa iyanrìn lábẹ́ ọkọ̀, ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi ni mò ń da ẹsáǹsì Músíè nù láti oṣù méjì, mò ń dà á sínú iyanrìn, mo sì ń fi í yangàn.

Séídù dé láti ẹ̀yìn, táyà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn. Ó kọjá lára mi wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dúró níwájú, ó bọ́ sílẹ̀. Mo retí pé á fun fèrè. Èmi ì bá fun ún.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ó kúnlẹ̀ tì mí. Ó fi orí ìṣáná tẹ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táyà, ó ní kí n máa wò ó. Ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde títí ara táyà fi fẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó fi tẹ̀ ẹ́ kí n lè mọ bó ṣe máa ń rí. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ ti Ṣábẹ̀ dé, òun náà rì, ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹja yíyan ló fi òun rẹ́rìn-ín. A ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wọ ọkọ̀, mo rọra fi jíà sí i, ó sì jáde kúrò nínú ihò bí ẹni pé kò rì rí.

Ní Sátidé, Fidjrossè ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ, lẹ́yìn náà, Ekpè, ọ̀nà tó jìn jù nínú gbogbo ọ̀nà tí à ń rìn. Mo yọ afẹ́fẹ́ táyà, mo wọlé, mo jáde, mo gbá afẹ́fẹ́ padà. Póòmpù ọwọ́ kì í ṣe eré. Èèyàn lè gbá a tó ìgbà ọgọ́rùn-ún fún táyà kan, mẹ́rin sì ni wọ́n, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo máa fi kọjá afárá ọ̀sà, apá mi ń gbọ̀n lórí sítíárìn. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹsáǹsì tó ń mì gbọlọ nínú táǹkì lẹ́yìn mi. Mi ò gbọ́ ọ rí ní ìrọ̀lẹ́. Mò ń dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé ọgbà. Àbẹ̀kẹ́ ti dé. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà ilé ìkẹ́rùsí, ọmọ sùn sí i lẹ́yìn. Ó dìde, mo fẹ́ sáré lọ bá a, ṣùgbọ́n Músíè ti ń bọ̀ pẹ̀lú igi rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Séídù náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí, ó ń nu ọwọ́.

Músíè ki igi bọ̀ ọ́, ó fà á yọ. Ìlà kẹrin. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún un kì, kí ojú má baà tàn án jẹ. Ìlà kẹrin náà ni. Ó gbé ojú sókè wò mí, ojú náà sì rọ̀, ó ṣàánú mi.

"Ṣé ìwọ náà rí i báyìí?" ló wí. "Ọjọ́ tí o ò jí i, ó ṣẹ́kù."

Mo la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ táyà. Ó gbé ọwọ́ sókè. Séídù bẹ̀rẹ̀ pé, "Músíè, táyà ni," Músíè yíjú sí i, ó ní kò dáa kí àgbà máa bá ọmọdé bo olè mọ́lẹ̀, Séídù sì dákẹ́. Òun náà ní ìyàwó àti ọmọ. Músíè wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti rí ìyàwó mi, òun ti rí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun mọ̀ pé ìṣẹ́ ló ń mú èèyàn ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní òun dárí jì mí. Ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé mi ò ní ṣe é mọ́.

Mo wo apá mi tó ń gbọ̀n. Mo wo Àbẹ̀kẹ́. Ó ṣì wà ní ìdúró, ó di ìdí ọmọ mú, ó ń wò wá.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn ọgbà náà. Mo ní, "Ẹ ṣé, Músíè. Mi ò ní ṣe é mọ́."

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n dìde, kí n lọ gba àlejò mi.

Mo ru ẹrù Àbẹ̀kẹ́ dé ẹnu yàrá. Kò tíì kí mi. Ó béèrè ohun tí mo jí. Mo ní mi ò jí nǹkan kan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iyanrìn, táyà, póòmpù, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Kí lo wá dọ̀bálẹ̀ fún?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Ó wo ibùsùn, ó wo fèrèsé kékeré tó wà lókè, ó wo ẹní tuntun tí mo ti tẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé.

Ọdún mẹ́rin la gbé yàrá náà. Lójoojúmọ́ ni igi Músíè ń tutù dé ìlà kẹrin, tí àlejò bá sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á pè mí wá, á fi igi náà han àlejò, á sọ fún un pé olè ni mí tẹ́lẹ̀ kí òun tó tún mi ṣe. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá ń sọ ọ́. Màá dúró, màá jẹ́ kó sọ ọ́ tán, màá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.